Ààbò Ọlọ́run Nígbà Tí Ojú Bá Ń Pọ́nni: Ìbéèrè Àwọn Ará àti Ìdáhùn Wọn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí ló jáde níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀ tí mo ń darí nínú ìjọ wa ní Adó-Èkìtì. Àwọn tó kù, ẹ̀yìn ìsìn ni wọ́n ti bi mí, nígbà tí ẹni náà bá ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Èmi kì í ṣe pásítọ̀, olùkọ́ ni mí. Ibi tí Bíbélì bá ti sọ̀rọ̀ gbangba, mo sọ ọ́ gbangba. Ibi tó bá jẹ́ èrò tèmi, ẹ ó mọ̀.

Ṣé bí mo bá gba Ọlọ́run gbọ́ tọkàntọkàn, ibi kankan ò ní í ṣẹlẹ̀ sí mi?

Rárá. Jésù ò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní Jòhánù 16:33 ni pé wọn ó ní ìpọ́njú nínú ayé, àmọ́ kí wọ́n tújú ká, torí òun ti ṣẹ́gun ayé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ààbò Ọlọ́run ṣe máa ń rí, kó lọ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 látòkè délẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù, wọ́n ń gbé e lọ sí Róòmù nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìjì líle dé. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọn ò rí oòrùn, wọn ò sì rí ìràwọ̀. Áńgẹ́lì wá bá Pọ́ọ̀lù lóru, ó ní kó má bẹ̀rù, ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ò ní í bọ́ nínú wọn. Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, 276, ni gbogbo wọn.

Ìlérí náà ṣẹ, àmọ́ ẹ wo bó ṣe ṣẹ. Wọ́n ti kọ́kọ́ da ẹrù sómi. Wọ́n da àlìkámà tí wọn ìbá jẹ sómi. Ọkọ̀ forí sọ yanrìn, ìgbì sì fọ́ ọ lẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ bẹ́ sínú omi, àwọn tí ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ dì mọ́ pátákó àti àfọ́kù ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe gúnlẹ̀. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, kò sì sí ẹni tó rí ẹrù rẹ̀ gbà padà. Ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń ko igi sínú iná kí ara lè yá wọn, ejò tún so mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọlọ́run pa ìlérí mọ́, ọkọ̀ sì fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọkọ̀ là ń gbàdúrà fún. Iṣẹ́ ni ọkọ̀ yẹn, ṣọ́ọ̀bù ni, ilé ni, owó oṣù ni. Tó bá ti fọ́, a ó ní Ọlọ́run já wa kulẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ wa ti wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Sáàmù 91 ní ẹgbẹ̀rún yóò ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ mi, kì yóò súnmọ́ mi. Ṣé irọ́ nìyẹn wá jẹ́?

Kì í ṣe irọ́ o. Ilé onígbàgbọ́ tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n sórí ní Èkìtì ò pọ̀. Àwọn kan kọ ọ́ sí òkè ilẹ̀kùn, àwọn kan ń kà á sínú omi kí wọ́n tó wẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí a kà á dópin.

Ẹsẹ kìíní ní, "Ẹni tí ó jókòó ní ibi ìkọ̀kọ̀ Ọ̀gá-ògo ni yóò máa gbé abẹ́ òjìji Olódùmarè." Ẹni tó fi ibẹ̀ ṣe ilé ni Sáàmù náà ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó sáré yà síbẹ̀ torí òjò. Ẹ tún wo ẹsẹ 15, tí Ọlọ́run ti ní òun ó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìpọ́njú. Sáàmù fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé ẹni tó wà lábẹ́ òjìji náà lè bá ara rẹ̀ nínú ìpọ́njú, ìlérí tó wà níbẹ̀ ni pé kò ní í dá wà nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Èṣù mọ Sáàmù 91 sórí. Ní Mátíù orí 4, ó gbé Jésù lọ sí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, ó ka ẹsẹ 11 àti 12 fún un, ó ní kó bẹ́ sílẹ̀, àwọn áńgẹ́lì á gbé e. Jésù ò ní Sáàmù náà kì í ṣe òtítọ́. Ó ní a kò gbọdọ̀ dán Olúwa Ọlọ́run wò. Nítorí náà, ẹsẹ kan náà lè jẹ́ ìgbàgbọ́ lẹ́nu ẹnìkan, kó sì jẹ́ oògùn lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹni tó ń lò ó bí oògùn, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa de Ọlọ́run lọ́wọ́ ni.

Lóṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé gbé ní Emùré. Níbo ni Ọlọ́run wà?

Ọjọ́ 29 ni. Ẹni tó wà ní Èkìtì nígbà náà ò lè gbàgbé rẹ̀. Ọba mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà náà, àwọn agbébọn dá wọn lọ́nà, wọ́n pa méjì, ẹnìkẹta ríbi sá lọ. Àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn padà dé lọ́jọ́ 4 oṣù kejì. Awakọ̀ wọn ò padà dé, wọ́n ti pa á.

A dúpẹ́ nínú ìjọ nítorí àwọn ọmọ náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń jó, tí ìlù ń dún, ohun tó wà lọ́kàn mi ni ilé awakọ̀ yẹn. Irú ẹ̀rí wo ni kí àwọn tiwọn jáde wá jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12. Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù. Nínú orí kan náà, áńgẹ́lì wọ ẹ̀wọ̀n lóru, ẹ̀wọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Pétérù, irin ẹnubodè ṣí fúnra rẹ̀. Ìjọ kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, ọmọ ẹ̀yìn tó súnmọ́ Jésù jù ni wọ́n. Lúùkù tó kọ ìwé náà ò sọ ìdí tí ọ̀kan fi yọ tí ọ̀kan ò yọ. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ Jákọ́bù kéré, kò sì sọ pé ìjọ ò gbààwẹ̀ tó. Ibi tí Lúùkù bá ti dákẹ́, èmi náà á dákẹ́, mo sì bẹ ẹ̀yin oníwàásù tó ń fi ìdí síbẹ̀ fún wa pé kí ẹ jọ̀wọ́ ẹ jáwọ́.

Ohun tí a rí dì mú wà ní Róòmù orí 8. Pọ́ọ̀lù ka àwọn nǹkan tí kò lè yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Kristi: ìpọ́njú, wàhálà, inúnibíni, ìyàn, ìhòòhò, ewu, idà. Idà wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi pa Jákọ́bù gan-an ni, Pọ́ọ̀lù sì ní kò tó láti já a gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ibi tí ààbò Ọlọ́run parí sí nìyẹn, ìrètí àjíǹde ló sì gbé e dúró. Bí kò bá sí àjíǹde, ọ̀rọ̀ wa ò ní ìtumọ̀, Pọ́ọ̀lù náà sọ bẹ́ẹ̀ ní 1 Kọ́ríńtì 15.

Mo fẹ́ fi kan kún un. Àdúrà ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Róòmù 13 ní aláṣẹ kò ru idà lásán. Bíbi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe sí ọ̀nà wa kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi ló fa ohun tó ń ṣe mí?

Ìgbà mìíràn, a máa ń ká ohun tí a gbìn. Ẹni tó ń mutí wakọ̀, tó wá fi mọ́tò kọlu igi, kò gbọdọ̀ máa bi Ọlọ́run léèrè.

Àmọ́ àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí, wọn kì í sábà jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ni. Ọkùnrin tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lójijì ni. Fún wọn, Jésù ti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ní Lúùkù 13, ilé ìṣọ́ kan wó ní Sílóámù, ó pa ènìyàn méjìdínlógún. Jésù ní wọn ò dẹ́ṣẹ̀ ju àwọn tó kù ní Jerúsálẹ́mù lọ. Ní Jòhánù 9, wọ́n rí ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú, wọ́n bèèrè pé ta ló ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Ó ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀.

Ẹ ka àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mọ́ ọn. Ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́.

Wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré.

Nípa ìgbàgbọ́, àwọn kan dí kìnnìún lẹ́nu. Nípa ìgbàgbọ́ kan náà, nínú Hébérù 11 kan náà, wọ́n sọ àwọn mìíràn ní òkúta, wọ́n fi ayùn rẹ́ wọn sí méjì. Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé aṣọ kúrò lára rẹ̀ lọ bá aláìsàn, tí wọ́n sì ń san, ó fi Trófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ẹ̀gún tó wà nínú ara tirẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀bẹ̀. Èsì tó rí gbà ni pé, "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ." Ẹ lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ díwọ̀n ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù.

Ìṣòro mi ti pọ̀ jù. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni, àwọn ará ilé bàbá mi ló ń dà mí láàmú.

Mi ò ní sọ pé kò sí ẹ̀mí búburú. Éfésù 6:12 wà níbẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, ìbéèrè yìí ti fọ́ ilé ju ìṣòro tó bí i lọ. Ara ọmọ ò yá, wọ́n lọ sọ́dọ̀ aríran kan, ó ní obìnrin pupa kan tó kúrú ní ẹ̀yìnkùlé ló fà á. Láti ọjọ́ náà, àbúrò bàbá wọn obìnrin tó máa ń fi iṣu ránṣẹ́ sí wọn láti abúlé lọ́dọọdún ti di ọ̀tá. Wọn ò jẹ iṣu rẹ̀ mọ́. Ó kú láìmọ ohun tó ṣe.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ohun tó ń jẹ wá níyà gan-an. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù níparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, owó gàrí àti ìrẹsì tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà tó ń fẹ́ iná ìdáná ní abúlé yín kọ́ ló fa ìyẹn.

Bí ẹ bá gbà pé ọ̀tá wà, Kristi ti bọ́ ìhámọ́ra lára wọn, Kólósè 2:15 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gba ìyẹn gbọ́ kò ní í máa fi gbogbo òru lépa ènìyàn. Jésù ní ká gbàdúrà fún àwọn tó ń ṣe inúnibíni sí wa. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Àdúrà "kí ó kú, kí ó kú" ló dùn mọ́ wa lẹ́nu jù.

Ṣé wòlíì Ọlọ́run máa ń rí irú ìyà báyìí?

Ẹ ò ní jìnnà lọ kí ẹ tó rí ìdáhùn. Ẹ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí. Ìlú Odò-Ọwá, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni wọ́n bí i sí ní 1904. Ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nígbà tí ìpè dé bá a ní 1928. Ní 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà, ó sì ràn dé Ẹ̀fọ̀n àti káàkiri ilẹ̀ Èkìtì. Àwọn ènìyàn ń ru garawa omi lọ bá a kó lè gbàdúrà sí i.

Ìtàn tí gbogbo wa máa ń sọ nìyẹn. Apá tí a máa ń fò ni pé ní 1932, kò tíì ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìsọjí ńlá yẹn, wọ́n fẹ̀sùn kàn án lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà rẹ̀ lórí omi kò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n yẹn fún un bó ṣe ṣí ti Pétérù. Ó lo ìyà náà tán, ó jáde, ó tún gbé Bíbélì àti agogo rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ títí ó fi sùn nínú Olúwa ní 1959. Bí ẹ̀wọ̀n bá jẹ́ àmì pé Ọlọ́run kọni sílẹ̀, a jẹ́ pé àwọn tó ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n lọ gbàdúrà ti ṣìnà.

Bí mo bá lo oògùn ilé ìwòsàn, ṣé mi ò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run mọ́?

Ìbéèrè yìí ní gbòǹgbò lọ́dọ̀ wa. Láàrin ọdún 1930 sí 1940, àwọn míṣọ́nnárì tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo kuníìnì torí ibà, àwọn àgbà ìjọ wa kan sì ní ìwòsàn láti ọ̀run wá nìkan ni kí onígbàgbọ́ gbà. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó pín wọn níyà, tí Christ Apostolic Church fi dá dúró. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá wa yẹn. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́, wọ́n fi ẹ̀mí wọn dúró tì í.

Síbẹ̀, Aísáyà ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lẹ̀ mọ́ eéwo Hesekáyà, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣèlérí pé yóò yè. Oníṣègùn ni Lúùkù. Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín, kí ẹ sì gbàdúrà lé e. Ẹ má ṣe torí ẹ̀rí tí ẹnìkan jẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi da oògùn nù lọ́jọ́ Ajé.

Ṣé dandan ni kí n lọ sórí òkè àdúrà?

Rárá. A ní òkè púpọ̀, kò sí ibi tí èèyàn dúró sí ní Èkìtì tí kò ní í rí ọ̀kan. Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ní Olósùnta àti Òrólè tí wọ́n ti ń gbójú lé kí ìhìnrere tó dé. Sáàmù 121 gbé ojú sí òkè, àmọ́ ẹsẹ kejì kò dúró lórí òkè, ó ní ọ̀dọ̀ Olúwa tó dá ọ̀run òun ayé ni ìrànlọ́wọ́ òun ti wá. Bí ẹ bá rí ìdákẹ́rọ́rọ́ lórí òkè, ẹ lọ. Ẹni tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, yàrá rẹ̀ tó. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, kó má gun àpáta lóru láìjẹun torí pé wọ́n ní Ọlọ́run ń gbọ́ jù lókè.

Oko wa jìnnà, ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń bà wá. Ṣé kí n máa lọ nínú ìgbàgbọ́ àbí kí n jókòó sílé?

Iṣu wà nínú ilẹ̀, kòkó ti pọ́n, owó iléèwé sì ń bọ̀. Mo mọ̀ pé jíjókòó sílé kì í ṣe ohun tí ẹnu lásán lè sọ.

Nehemáyà 4:9 ni mo máa ń kà fún àwọn àgbẹ̀ wa: wọ́n gbàdúrà sí Ọlọ́run, wọ́n sì yan ìṣọ́ tọ̀sán-tòru. Kò sí "tàbí" láàrin méjèèjì. Nígbà tó yá, ọwọ́ kan ń mọ odi, ọwọ́ kejì di ohun ìjà mú, ẹni tó ń fun fèrè sì dúró ti Nehemáyà.

Àwọn àgbẹ̀ kan lápá Ìkọ̀lé ti ń ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀. Wọn kì í dá lọ mọ́. Ọ̀kadà mẹ́ta mẹ́rin á jọ gbéra láàárọ̀, oko ẹnìkan ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, bí àáró ayé àtijọ́. Ẹnìkan á jókòó sórí ibi gíga, fóònù á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní í fọwọ́ kan ọkọ́ títí wọn á fi ṣíwọ́, oúnjẹ rẹ̀ sì wà nínú tiwọn. Oòrùn á ṣì wà lókè dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé. Wọ́n á ti sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà fún àwọn ará ilé. Wọ́n ní nọ́ńbà àwọn Amọ̀tẹ́kùn àti ti àwọn ọdẹ ìlú. Àdúrà tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó gbéra kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lójú tèmi, ẹni tó jókòó sórí ibi gíga yẹn wà lára ìdáhùn àdúrà náà.

Bí wọ́n bá sọ pé ewu wà lọ́nà lónìí, ẹ má lọ. Òwe 22:3 ní ọlọ́gbọ́n rí ibi, ó sì fi ara pamọ́.

Ọmọ mi fẹ́ gba inú aṣálẹ̀ Líbíà lọ sí Yúróòpù. Ó ní Ọlọ́run tó wà níbí náà ló wà níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé Ọlọ́run wà níbẹ̀. Ó wà ní ìsàlẹ̀ tẹ́ńpìlì tí èṣù ti ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀, Jésù ò sì torí ẹ̀ bẹ́. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wá bi í pé kí ló lé e débẹ̀, kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, torí ọmọkùnrin tó ti kàwé gboyè ní Adó níbí, tó wá ń fi ọ̀kadà gbé èrò, ìwàásù lásán ò lè dá a dúró. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ tí ẹ lè fún un, tàbí owó díẹ̀ tó lè fi kọ́ṣẹ́, àsìkò rẹ̀ nìyí.

Wọ́n ní kí n ra òróró ààbò. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni ìgò kékeré.

Ẹ má rà á. Jákọ́bù 5 ní kí àwọn alàgbà fi òróró kun aláìsàn ní orúkọ Olúwa. Kò dárúkọ iye. Símónì fi owó lọ Pétérù ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8, ẹ lọ ka èsì tó gbà.

Inú ń bí mi sí Ọlọ́run. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ìjọ.

Ẹ sọ ọ́ fún Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Sáàmù 13 bẹ̀rẹ̀ nípa bíbi í pé yóò ti pẹ́ tó tí yóò fi gbàgbé òun. Sáàmù 88 burú jù ú lọ, igbe ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀, inú òkùnkùn ló parí sí, kò sí "ṣùgbọ́n èmi ó yìn ọ́" kankan níbẹ̀. Àwọn tó kó Sáàmù jọ ò yọ ọ́ kúrò. Náómì padà sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù láìní ọkọ, láìní ọmọ, ó ní kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́, Márà ni kí wọ́n pe òun, torí Olódùmarè ti ṣe òun kíkorò. Kò sí ẹni tó bá a wí. Rúùtù kàn ń bá a gbé, ó ń lọ pèéṣẹ́ ọkà kí àwọn méjèèjì lè rí oúnjẹ jẹ.

Àwọn àgbà wa ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ọ̀rọ̀ ẹkún nínú Sáàmù rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bá Ọlọ́run jà ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni ẹni tó ń kọrin, tó ń rẹ́rìn-ín, tí kò sì bá a sọ òótọ́ kankan mọ́ láti ọdún tó kọjá.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ̀rù máa ba onígbàgbọ́?

Rárá. Sáàmù 56:3: "Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí, èmi ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ." Dáfídì ò ní "bí ẹ̀rù bá ti lọ tán".

Kí ni kí n sọ fún ẹni tí ohun búburú ṣẹlẹ̀ sí?

Kí ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ẹ kú ìdúró tì í." "Ẹ kú ara fẹ́ra kù." Ó tó. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run mọ ìdí tó fi gbà á. Ẹ má sọ pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ju tiyín lọ. Róòmù 8:28 tó ní ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere, òtítọ́ ni, àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́, nígbà tó bá tó àkókò lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó wá kí i.

Ẹ ṣe nǹkan dípò ẹnu. Nígbà tí àárẹ̀ mú Èlíjà débi tó fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì ò wàásù fún un. Ó fi àkàrà tó gbóná àti omi síbẹ̀, ó jí i, ó ní kó jẹun. Ó tún sùn, ó tún jí i, ó tún ní kó jẹun. Opó kan wà ní àdúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ kú lójijì. Àwọn obìnrin ìjọ pín ọjọ́ láàrin ara wọn láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹnìkan á gún iyán wá, ẹnìkan á mú àwọn ọmọ lọ síléèwé, ẹnìkan á kàn jókòó sí ìdí ọjà rẹ̀ lọ́sàn-án kó lè sùn díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí àwọn tó wá kẹ́dùn ti tán, wọ́n ṣì ń wá. Òun ló sọ ọ́ fún mi, pé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni òun fi mọ̀ pé Ọlọ́run ò tíì gbàgbé òun, àti pé iyọ̀ máa ń pọ̀ jù nínú ti ọjọ́ Ọjọ́bọ̀.

Ṣé kí n máa san owó ìjọ nígbà tí kò sí oúnjẹ nílé?

Ẹ kọ́kọ́ bọ́ àwọn ọmọ. 1 Tímótì 5:8 ní ẹni tí kò pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Kí ẹ wá lọ sọ fún ẹni tó ń mójú tó àwọn aláìní nínú ìjọ yín pé ilé ò rọgbọ. Ẹ má tijú. Ìgbà tí àwọn opó kan ò rí oúnjẹ tó ní Jerúsálẹ́mù, àwọn àpọ́sítélì ò ní kí wọ́n gbààwẹ̀ sí i, wọ́n yan ọkùnrin méje láti mójú tó o. Bí ìjọ yín ò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn nípàdé tó ń bọ̀ ìdí tí kò fi sí. Bí wọ́n bá pariwo lé yín lórí, ẹ ní olùkọ́ kan ló rán yín.